Àgíríìkì Ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Erùpẹ̀ Tí Òjò Ń Gbé Lọ

Lọ́jọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí dáàmù Ọ̀yán, lókè Abẹ́òkúta. Omi tó lè gbà tó 270 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà. Òun ló ń tú omi sódò Ògùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ̀rọ omi Abẹ́òkúta àti ti Èkó tó wà ní Ìjú àti Àdìyán lè rí omi fà. Àjọ tó ń mójútó odò Ògùn àti Ọ̀ṣun, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976, ló ni dáàmù náà. Ọ̀nà Alábàtà ni ọ́fíìsì àgbà wọn wà. Gbogbo èyí ni ará ìlú mọ̀. Ohun tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rò ni pé òjò tó ń gbé omi wá ń gbé erùpẹ̀ wá pẹ̀lú, èyí tó bá sì ti rì sísàlẹ̀ adágún, ibẹ̀ ló máa jókòó sí. Oko ẹnìkan ni erùpẹ̀ yẹn ti ṣí. Ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti lọ bá olóko náà sọ̀rọ̀ ni àwọn àgbẹ̀ ń pè ní àgíríìkì.

Ilẹ̀ Ẹ̀gbá lápá òkè, láti Abẹ́òkúta dé Ọdẹ́dá, orí àpáta ló wà. Níbi púpọ̀, ọkọ́ ò ní wọlẹ̀ jìnnà kó tó kan yangí, nítorí náà ìwọ̀nba ilẹ̀ dúdú tó wà lókè ni gbogbo ohun tí àgbẹ̀ ní. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n sì ń gbìn káàkiri. Ẹ̀gẹ́ kì í tètè bo ilẹ̀. Ó tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí ewé rẹ̀ tó kanra. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí ilẹ̀ gbalaja láàárín ìgbà yẹn, ilẹ̀ dúdú ló kọ́kọ́ ń lọ. Olóko ò ní rí i lójú ẹsẹ̀. Ó lè di ọdún kẹta tàbí ìkẹrin kó tó ṣàkíyèsí pé ẹ̀gẹ́ òun ò ta dáadáa mọ́.

Ẹ̀kọ́ tí àgíríìkì ń kọ́ni kò ṣòro láti sọ. Ẹ kọ poro yín ní ìdábùú òkè, kí àgbàrá má baà rí ọ̀nà sáré. Ẹ gbin ẹ̀gúsí sáàárín ẹ̀gẹ́, kí ìtàkùn rẹ̀ bá yín bo ilẹ̀; èyí, àwọn baba wa ti ń ṣe é kí àgíríìkì tó dé. Ẹ má ro oko dé etí odò. Ẹ má sungbó.

Ní ti iná yìí, ilé la ti lè rí ẹ̀rí rẹ̀. Nínú igbó ọba Olókeméjì, tí ìjọba amúnisìn yà sọ́tọ̀ ní 1899, àwọn òṣìṣẹ́ igbó pín ilẹ̀ kan sí mẹ́ta ní 1929. Wọ́n ń sun ọ̀kan lọ́dọọdún ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ kanrankanran. Wọ́n ń sun èkejì ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Wọn ò jẹ́ kí iná dé ẹ̀kẹta rárá. Nígbà tó fi tó nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, èyí tí iná ò dé ti ń di igbó, èyí tí wọ́n ń sun nígbà tó gbẹ jù sì ti di ọ̀dàn, koríko pẹ̀lú igi díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀ kan náà ni, òjò kan náà ló ń rọ̀ sí i. Ó wù mí kí gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Ẹ̀gbá mọ ìtàn yìí.

N'Ìbàdàn, ní IITA, ilé ìwádìí àgbáyé lórí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru, Rattan Lal, onímọ̀ ilẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wọn erùpẹ̀ tí òjò ń gbé lọ lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ láti àwọn ọdún 1970. Ó rí i pé bí a bá fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ tí a ò sì tú u, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń bá àgbàrá lọ. Òun ló gba Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé ní 2020.

Ìmọ̀ ò wọ́n wa nígbà náà. Ẹni tó máa gbé e dé abà ló wọ́n. Ní àwọn ọdún 1980, owó Báǹkì Àgbáyé ni wọ́n fi gbé OGADEP, ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀, dìde ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, wọ́n sì pín ìpínlẹ̀ sí ẹkùn mẹ́rin: Abẹ́òkúta, Ìlaròó, Ìjẹ̀bú-Òde àti Ìkẹ́nnẹ́. Ètò wọn ni pé kí àgíríìkì gba ẹ̀kọ́ tuntun lọ́sẹ̀ méjì-méjì, kó gun alùpùpù, kó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ti yàn lọ́jọ́ tí wọ́n ti mọ̀. Nígbà tí owó Báǹkì Àgbáyé dáwọ́ dúró láàárín àwọn ọdún 1990, ìjọba ìpínlẹ̀ káàkiri Nàìjíríà ò lè gbé ẹrù náà bó ṣe yẹ. Àwọn tó fẹ̀yìn tì kò rí arọ́pò tó. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, tó wà ní Alábàtà báyìí, ní ẹ̀ka tó ń lọ sí abúlé, ó sì ń ṣe gudugudu, ṣùgbọ́n yunifásítì kan ò lè rọ́pò àgíríìkì tó yẹ kó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Bí àgíríìkì bá tiẹ̀ dé oko, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò kàn. IITA dá ọ̀nà kan lábàá pé kí àgbẹ̀ máa gbin igi bí àgúnmániyẹ̀ ní ìlà-ìlà, kó gbin oúnjẹ sáàárín wọn, kó máa gé ewé igi náà bo ilẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ lóko ìdánwò. Lóko àgbẹ̀, kò tàn tó bí wọ́n ṣe rò. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àtìpó tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ta ló máa gbà á láyè láti gbin igi? Ẹni tó bá gbin igi ti ń fẹsẹ̀ múlẹ̀, onílẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àtìpó tí kò mọ̀ bóyá wọ́n á lé òun lọ́dún tó ń bọ̀ kò ní fi agbára rẹ̀ tún ilẹ̀ ẹlòmíì ṣe fún ọdún mẹ́wàá. Kò gọ̀. Ó mọ ìṣirò ni.

Nítorí náà ni mo ṣe gbà pé àgbẹ̀ nìkan kọ́ ló yẹ kí àgíríìkì máa pè sípàdé. Kó pe baálẹ̀ àti olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n jọ ṣàdéhùn níṣojú ara wọn pé àgúnmániyẹ̀ tí àtìpó bá gbìn láti fi dá àgbàrá dúró kò sọ ọ́ di onílẹ̀, àti pé wọn ò ní lé e kúrò kó tó jèrè iṣẹ́ rẹ̀. Kí àjọ tó ni dáàmù sì dá sí owó alùpùpù àti epo, nítorí adágún wọn ni erùpẹ̀ ń lọ kún. Kí ìpàdé náà wáyé kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ poro.