NÍTI SÍSO WÁYÀ MỌ́TÒ PADÀ LÁRA Ẹ̀RỌ AGÉRIN KÉKERÉ

Ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ní alẹ́ òní kò tóbi. Orí tábìlì ni a ń gbé e kà. Irin ni ó ń gé: a ó de irin mọ́ pẹpẹ rẹ̀, ọ̀bẹ eléyín yóò máa yí lókè, a ó sì máa ti irin náà lọ sábẹ́ ọ̀bẹ títí yóò fi rí bí a ti fẹ́. Mílìn ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Mọ́tò iná ni ó ń yí ọ̀bẹ náà, èyíinì kì í sì í ṣe mọ́tò tí a ń wọ̀ lọ sí Èkó.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo mọ̀ ní Ìbàdàn gba irú ẹ̀rọ yìí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń gbé ní Amẹ́ríkà. Kí ó lè wọ inú àpótí, wọ́n ti tú mọ́tò náà kúrò, wọ́n sì ti já okùn iná rẹ̀ láìfi àmì sí ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan ti wá. Àwọ̀ ni ọmọkùnrin náà wò tí ó fi so wọ́n padà. Ó rántí pé nínú àwọn ilé wa àtijọ́, pupa ni wáyà tí iná ń gbà wá, dúdú sì ni èyí tí iná ń gbà padà; nítorí náà ó so dúdú mọ́ ojú ìpadà, ó sì so funfun mọ́ ojú iná. Kò mọ̀ pé ní Amẹ́ríkà, dúdú gan-an ni iná ń gbà wá, funfun ni ó sì ń gbà padà. Bí ó ti tan ẹ̀rọ náà, ó bú ramúramù, òórùn jíjó sì jáde. Ó yára pa súwíìṣì, mọ́tò sì dákẹ́. Ó wá ṣí àpótí wáyà láti wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀, iná sì gbé e, ó sọ ọ́ mọ́ ògiri. Mo rí àpá jíjó náà ní ìka rẹ̀. Ọpẹ́ ni pé òun fúnra rẹ̀ ni ó fi í hàn mí.

Àṣìṣe méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní ni pé wáyà kan ṣoṣo ni súwíìṣì ẹ̀rọ náà ń já, àwọn tí ó ṣe é sì rò pé wáyà iná ni yóò jẹ́. Nígbà tí a ti yí àwọn wáyà padà, ojú ìpadà ni súwíìṣì já. Mọ́tò dúró nítòótọ́, nítorí iná kò rí ọ̀nà padà; ṣùgbọ́n iná ṣì wà nínú gbogbo wáyà rẹ̀, ó ń dúró de ẹni tí yóò fún un ní ọ̀nà sí ilẹ̀. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé súwíìṣì ẹ̀rọ. Púlọ́ọ̀gì ni kí ó fà yọ, kí ó sì gbé e síbi tí ojú rẹ̀ yóò ti máa rí i.

Èkejì jẹ́ ti agbára iná. 230 fọ́ltì ni tiwa. 120 ni ti inú ilé ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ibẹ̀ lè jẹ méjèèjì, a ó sì rí 115/230 lára irin pẹlẹbẹ tí a kàn mọ́ wọn. Ohun tí ó mú èyí ṣeé ṣe ni pé a pín kọ́ìlì ńlá inú rẹ̀ sí ìlàjì méjì tí ó dọ́gba. Fún 115, a ó so ìlàjì méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Fún 230, a ó so ìrù èkíní mọ́ orí èkejì, kí wọ́n lè pín iná náà, kí ó sì kan ìlàjì kọ̀ọ̀kan ní 115. Ti ọmọkùnrin yìí ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìlàjì kọ̀ọ̀kan sì ń gba ìlọ́po méjì ohun tí ó lè gbà.

Lára ọ̀pọ̀ mọ́tò Amẹ́ríkà, T1 àti T2 ni orí àti ìrù ìlàjì kìíní, T3 àti T4 ni ti èkejì. Fún iná tiwa, a ó so T2 mọ́ T3, iná yóò sì wọlé ní T1 àti T4. T5 àti T8 jẹ́ ti kọ́ìlì ìbẹ̀rẹ̀, nítorí irú mọ́tò yìí kò lè dìde fúnra rẹ̀ bí a kò bá tì í. Ìlàjì kan ṣoṣo ni a ń so kọ́ìlì ìbẹ̀rẹ̀ yìí mọ́, nítorí 115 ni òun náà lè jẹ. Nígbà tí eré mọ́tò bá tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, súwíìṣì kékeré inú rẹ̀ yóò já kọ́ìlì yìí sílẹ̀, a ó sì gbọ́ ìró rẹ̀ pé kẹ́. Bí a kò bá gbọ́ ọ, kí a tètè fa púlọ́ọ̀gì yọ, nítorí kò ní pẹ́ tí kọ́ìlì náà yóò fi jóná.

Bí àmì wọ̀nyí bá ti parẹ́, mítà ni kí a lò, kì í ṣe àwọ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, agolo kékeré tí a ń pè ní kàpásítọ̀ wà níbẹ̀, ó sì lè pa iná mọ́ sínú lẹ́yìn tí a ti fa púlọ́ọ̀gì. Kí a fi ẹsẹ̀ méjèèjì gílóòbù iná kàn án títí yóò fi ṣófo. Àwọn tí ń fi súkúdíráfà ṣe é, mo ti rí irin tí ó yọ́ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn èyí, mítà yóò fi hàn wá àwọn wáyà tí ó jẹ́ méjì-méjì. Méjì tí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba ni ìlàjì kọ́ìlì ńlá. Kò lè sọ èyí tí í ṣe orí tàbí ìrù fún wa, bí a bá sì gbé wọn kọ ara wọn, ìlàjì méjèèjì yóò máa bá ara wọn jà, mọ́tò yóò bú, kò sì ní yí. Níhìn-ín ni mo máa ń sọ pé kí a gbé e lọ bá àwọn tí ń wé kọ́ìlì. Owó wọn kò tó iye mọ́tò titun.

Wáyà tútù ewé ni ti ilẹ̀. Ara irin ẹ̀rọ ni a ń dè é mọ́, ní ibi tí a ti ha ọ̀dà kúrò. Kí mítà má sì ṣe rí ọ̀nà kankan láti T èyíkéyìí dé ara irin náà. Bí ó bá rí i, kí a má ṣe tan án.

Bí mọ́tò bá yí sí apá òdì, T5 àti T8 nìkan ni kí a pààrọ̀ fún ara wọn. Ti ọmọkùnrin náà yí sí apá tí ó tọ́ ní ìgbà kìíní, ṣùgbọ́n ó wá bi mí pé kí ló dé tí kò sáré tó bí ìwé rẹ̀ ti wí. Iná Amẹ́ríkà ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 60 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa ní 50. Nítorí náà mọ́tò tí ń yí ní ìgbà 1,725 nínú ìṣẹ́jú kan lọ́hùn-ún yóò yí ní nǹkan bí 1,425 níhìn-ín. Ó tún ń gbóná ju bí ó ti yẹ lọ díẹ̀. Ó ti sún bẹ́líìtì sórí pọ́lì mìíràn, ó sì máa ń pa á kí ó sinmi nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná débi tí ọwọ́ kò lè dúró lórí rẹ̀.