Lítíréṣọ̀ ọmọdé ní èdè Yorùbá

Lítíréṣọ̀ ọmọdé ní èdè Yorùbá ni àpapọ̀ àlọ́, ìtàn, ewì àti ìwé kíkà tí a ṣe fún àwọn ọmọdé ní èdè Yorùbá. Ẹnu àwọn àgbà ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ ni ó sọ ọ́ di ìwé. Nítorí náà ni ìdàgbàsókè rẹ̀ fi so mọ́ ipò tí ìjọba fún èdè Yorùbá nínú ètò ẹ̀kọ́.

Ìpìlẹ̀ nínú àlọ́

Kí ìwé tó dé, alẹ́ ni àwọn àgbà máa ń pa àlọ́ fún àwọn ọmọ. Àlọ́ àpamọ̀ jẹ́ ìbéèrè tí ọmọ gbọ́dọ̀ ronú kí ó tó lè dáhùn. Àlọ́ àpagbè jẹ́ ìtàn tí ó ní orin, tí àwọn olùgbọ́ sì máa ń gbè é. Ìjàpá ọkọ Yánníbo ni ẹ̀dá tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú wọn. Ó gbọ́n féfé, ó sì jẹ́ ọ̀kánjúwà, ṣùgbọ́n ìtìjú ni ó sábà máa ń gbẹ̀yìn ọgbọ́n rẹ̀.

Ìgbà àwọn míṣọ́nnárì

Ní ọdún 1843 ni Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, odindi Bíbélì sì jáde ní èdè Yorùbá ní 1884. Àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí kì í ṣe ti ọmọdé, ṣùgbọ́n àwọn ni ó la ọ̀nà fún kíkọ èdè náà sílẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni ìjọ C.M.S. tẹ àwọn Ìwé Kíkà fún ilé ẹ̀kọ́, níbi tí ìtàn, ìmọ̀ràn àti ẹ̀kọ́ ìsìn ti wà pọ̀.

Odunjo àti Fagunwa

Joseph Folahan Odunjo (1904–1980), ọmọ Abẹ́òkúta tí ó jẹ́ olùkọ́ àti òṣèlú, ni ó kọ ọ̀wọ́ ìwé Aláwìíyé. Àwọn ìwé náà mú ọmọ láti orí álífábẹ́ẹ̀tì dé orí ìtàn gígùn àti ewì tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ṣì mọ̀ lórí títí di òní. Ó tún kọ Kúyẹ̀ ní 1964, ìtàn ọmọkùnrin kan tí ó jẹ́ odi.

D. O. Fagunwa (1903–1963), ọmọ Òkè-Igbó, kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wà lára àwọn tí ó kà á jù. Òun àti L. J. Lewis ni ó jọ kọ ìwé kíkà Táíwò àti Kẹ́hìndé.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tí ó lé ní 800,000 ni ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, èyí sì mú kí ìwé Yorùbá rí òǹkàwé púpọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Lẹ́yìn òmìnira

Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan nínú èyí tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ìwé ìṣirò àti ti sáyẹ́ǹsì ní èdè Yorùbá. Ní 1973, Adébóyè Babalọlá gbé Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá jáde, Ọlágòkè Òjó sì gbé Ìjàpá Tìrókò Ọkọ Yánníbo jáde. Báyìí ni àlọ́ àtẹnudẹ́nu di ohun kíkà. Ní 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní. Ní 1990, Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ Ogún Ọmọdé, tí ó sọ nípa ìgbà èwe ní abúlé.

Ìfiwéra pẹ̀lú ilẹ̀ mìíràn

Ní Sweden pẹ̀lú, ilé ẹ̀kọ́ ṣe ìrànlọ́wọ́. Àjọ àwọn olùkọ́ ni ó ní kí Selma Lagerlöf kọ ìtàn Nils Holgersson (1906–1907), kí àwọn ọmọ lè fi mọ ilẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ìgbádùn lásán ni Astrid Lindgren fi kọ Pippi Långstrump (1945). Ní Finland, níbi tí àwọn tí ń sọ èdè Swedish kò ti pọ̀, Tove Jansson fi èdè náà kọ ìtàn Moomin. Ní èdè Yorùbá, orí ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ yàn ni àwọn òǹtẹ̀wé ṣì gbójú lé jù.

Ipò lọ́wọ́lọ́wọ́

Ní 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin pé kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́, ti ìjọba àti ti aládàáni, máa kọ́ Yorùbá. Òfin yìí kan àwọn àdúgbò bíi Akọ̀wọ̀njọ ní Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 sí, tí oríṣiríṣi ẹ̀yà ń gbé. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ó fagi lé e, ó sì dá ipò náà padà fún èdè Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ṣì jẹ́ iṣẹ́ kan nínú ètò ẹ̀kọ́ Èkó, ṣùgbọ́n èdè tí a fi ń kọ́ iṣẹ́ yòókù kọ́. Nítorí náà, ìwé Yorùbá tí ọmọ ń kà nílé, láìsí ìdánwò, ti wá ṣe pàtàkì sí i.