Ẹ́ńjìnì Jí, Ìjánu Kò Jí

Ní ọ̀pọ̀ àgbàlá ní Kambolé àti ní Tchamba, ọkọ̀ kan wà lábẹ́ igi máńgòrò tí kò kúrò níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ẹni tó ni ín ti lọ sí Jámánì tàbí sí Gàbọ́ọ̀nù. Àwọn ọmọdé ń fi ṣeré, adìyẹ ń yé sínú rẹ̀. Bí olówó rẹ̀ bá ń bọ̀ wálé fún Iléyá, a ó ra bátìrì tuntun, a ó pààrọ̀ epo, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí táyà. Bí ẹ́ńjìnì bá sì ti dún, gbogbo ilé a pàtẹ́wọ́ pé ọkọ̀ ti jí.

Àwa náà pàtẹ́wọ́ ní ọdún kan. Peugeot 504 ti ẹ̀gbọ́n wa ni, ó ti lo ọdún mẹ́fà lábẹ́ igi. Ìjánu rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní frein nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, rọ̀ díẹ̀ nígbà tí a tẹ̀ ẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ilé da òróró ìjánu tuntun lé ti àtijọ́ lórí, wọ́n sì tẹ pédáàlì kanlẹ̀ léraléra títí ó fi le. A gbéra lọ sí Sokodé láti ra àgbò. Kí a tó wọ Tchamba, màlúù kan là ojú ọ̀nà kọjá. A tẹ ìjánu, pédáàlì sì ń rì lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá wọ inú ẹrẹ̀. Jíà kékeré àti ìjánu ọwọ́ ló gbà wá. Inú iyanrìn ẹ̀bá ọ̀nà ni a dúró sí. Ilẹ̀ tẹ́jú níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Alédjo, ní àríwá Sokodé lójú ọ̀nà Kara, níbi tí wọ́n ti la àpáta kí ọ̀nà lè kọjá, yóò mọ ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ síwa.

Àgbà mẹkáníìkì tí a ránṣẹ́ pè kò kọ́kọ́ ṣí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó jókòó sórí àga awakọ̀, ó tẹ pédáàlì, ó sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó bèèrè pé: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló tẹ nǹkan yìí títí kanlẹ̀?”

A kò lóye ìbéèrè náà, bẹ́ẹ̀ ni a sì ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé. Ohun tí Blaise Pascal ṣàlàyé nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1663, ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni ìjánu ọkọ̀ ń lò: bí a bá tẹ omi tí a sé mọ́, agbára náà a dé ibi gbogbo bákan náà. Ẹsẹ̀ ń ti rọ́bà roboto kan nínú sìlíńdà àgbà, maître-cylindre. Òróró sì ń gbé agbára náà dé ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ṣùgbọ́n òróró yìí a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Nínú ọkọ̀ tó dúró fún ọdún púpọ̀, omi náà a mú kí inú sìlíńdà dípẹtà, pàápàá ní ìsàlẹ̀ tí rọ́bà kì í dé lójoojúmọ́. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ wa tẹ pédáàlì kanlẹ̀, wọ́n ti rọ́bà náà gba orí ìpẹtà, ìpẹtà sì fá ètè rẹ̀. Ìtọ́jú wa gan-an ló pa ìjánu náà.

Omi tún ní ibi mìíràn. Òróró DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ó tó dé 230°C. Bí omi inú rẹ̀ bá tó nǹkan bí ìdá 3.7 nínú 100, ìlànà gbà kí ó máa hó láti 155°C. Bí ó bá hó lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó di oruku gbígbóná, oruku sì ṣeé fún pọ̀ bí ìrọ̀rí. Ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò rì, ọkọ̀ yóò sì máa lọ.

Baba náà fi ẹsẹ̀ bi ọkọ̀ léèrè, a sì ń wò ó. Ó tẹ pédáàlì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Ó ń rì díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òróró kò dín nínú agolo rẹ̀, ilẹ̀ kò sì tutù: rọ́bà sìlíńdà àgbà ni. Bí òróró bá dín tí a kò rí ibi tó ń jò, ẹ̀yìn sìlíńdà náà ni kí a wò, nítorí ó lè máa jò wọ inú servofrein. Pédáàlì tó bá ń fò bí kànrìnkànrìn, afẹ́fẹ́ ló wọ inú rẹ̀. Èyí tó bá le bí òkúta ńkọ́? Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà mélòó kan, ẹ fi ẹsẹ̀ sórí rẹ̀, kí ẹ wá tan ẹ́ńjìnì: ó yẹ kí ó sọ̀kalẹ̀ díẹ̀. Bí kò bá sọ̀kalẹ̀, servofrein kò fà.

Lẹ́yìn èyí, ó fi jáàkì gbé ọkọ̀, ó fi igi líle tì í, ó sì ń fi ọwọ́ yí àwọn ẹsẹ̀ ọkọ̀. Ti iwájú lápá ọ̀tún kò yí. Ó tú ìdè kékeré tí wọ́n ń gbà da òróró sílẹ̀. Òróró tú jáde, ẹsẹ̀ ọkọ̀ sì yí. Ó ní okùn rọ́bà ló ti wú nínú, ó ń jẹ́ kí òróró lọ, kò jẹ́ kí ó padà. Ìbá ṣe pé kò yí síbẹ̀, ìpẹtà ni ìbá ti dì í mú nínú étrier. (Orúkọ àlùkẹ́mbù ẹṣin ni Faransé fi pe irin yẹn, àwa sì pe gbogbo rẹ̀ ní ìjánu. Ní Sokodé, níbi tí àwọn semassi ẹlẹ́ṣin ti ń jagun fún Tchaoudjo ní ọ̀rúndún 19, kò sí èyí tó ṣàjèjì nínú méjèèjì.)

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ẹ má da epo ẹ́ńjìnì sí ìjánu láé, bó ti wù kí ojú ọ̀nà jìn tó. Gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ ni yóò wú. A ti rí i lójú wa, gbogbo rẹ̀ pátá ni wọ́n sì pààrọ̀.

Iṣẹ́ ọkọ̀ wa gba ọjọ́ mẹ́ta: sìlíńdà àgbà, àwọn okùn rọ́bà, òróró tuntun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iléyá kò dúró dè é. Orí zémidjan ni àgbò gbà wọ Kambolé, láàárín awakọ̀ àti ẹ̀gbọ́n wa.