Awọ Àkèré Tó Ń Kọ́ Wa Ní Ìṣègùn

Nílé iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà tó wà ní Bethesda, ẹyin àkèré ni dókítà Michael Zasloff fi ń ṣe ìwádìí. Xenopus laevis ni wọ́n ń pe irú àkèré náà, gúúsù Áfíríkà sì ni ó ti wá. Zasloff yóò la ikùn rẹ̀, yóò kó ẹyin, yóò rán ojú ọgbẹ́, yóò sì dá a padà sínú omi tí kòkòrò àrùn kún fọ́fọ́. Síbẹ̀, egbò náà kì í kẹ̀. Ṣe ló ń jinná.

Zasloff kò fojú fo ọ̀rọ̀ náà. Ó wá inú awọ àkèré wò fínnífínní, nígbà tó sì di 1987, ó kéde ohun tó rí: ègé purotéènì kéékèèké tí amino acid 23 so kọ́ra di ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Magainin ló sọ wọ́n. Ṣáájú rẹ̀, ní 1981, Hans Boman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden ti rí irú rẹ̀ lára kòkòrò labalábá ńlá kan.

Awọ òde bakitéríà ló ń fa magainin mọ́ra, nítorí agbára iná ara àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra. Bó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn tán, á dá awọ náà lu, ohun inú bakitéríà á máa jò dànù títí yóò fi kú. Awọ sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kì í fà á tó bẹ́ẹ̀.

Àtirí i kò ṣòro tó àtisọ ọ́ di oògùn. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n pè é ní pexiganan, ìpara fún egbò ẹsẹ̀ àwọn alátọ̀gbẹ. Ní 1999, àjọ FDA tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí i, torí kò hàn pé ó sàn ju oògùn tó wà nílẹ̀ lọ. Wọ́n tún dán an wò. Nígbà tí èsì jáde ní 2016, kò ṣe ju ìpara tí kò ní oògùn nínú lọ.

Ìṣòro rẹ̀ kò fara sin. Èròjà inú ara wa máa ń gé irú purotéènì bẹ́ẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, bó bá pọ̀ jù ó lè ba sẹ́ẹ̀lì tiwa náà jẹ́, owó ṣíṣe rẹ̀ sì ga. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kò dí. Daptomycin, tí wọ́n rí lára bakitéríà inú erùpẹ̀, awọ bakitéríà lòun náà ń bá jà, FDA sì fọwọ́ sí i ní 2003.

A sì nílò irú oògùn tuntun bẹ́ẹ̀: àwọn onímọ̀ ṣírò pé ní 2019, bakitéríà tí oògùn kò ràn mọ́ pa ènìyàn bíi mílíọ̀nù 1.27 ní àgbáyé. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ikú náà ti pọ̀ jù bí a bá fi iye ènìyàn wé e. Ó yẹ kí àwọn yunifásítì wa náà rówó wá ohun tó wà lára àwọn ẹranko inú igbó àti odò wa. Ìjákulẹ̀ pexiganan kò tó ìdí láti kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé àwa ni ikú yìí ń pa jù.