Iyọ̀ Tí Ń Jẹ Afárá

Iyọ̀ ló ń mú ọbẹ̀ dùn. Iyọ̀ kan náà ló ń jẹ irin. Àwa ará Ẹ̀pìnmì jìnnà sí òkun, ṣùgbọ́n ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń kó iṣu àti gàrí láti Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà lọ sí Èkó, ẹ fetí sílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kan òwò yín.

Afárá Third Mainland, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1990, fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó kìlómítà 12. Orí ọ̀sà ni ó dúró sí. Omi òkun a sì máa wọ inú ọ̀sà náà, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi òjò kò pọ̀.

Ẹlòmíràn lè bèèrè pé, “Kọnkéré tí ó le bí òkúta, kí ni omi iyọ̀ lè fi í ṣe?” Ẹ wo amù inú ilé yín. Ó le, síbẹ̀ ara rẹ̀ ń làágùn, nítorí pé ó ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò rí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kọnkéré rí. Omi iyọ̀ a máa gba ibẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan ọ̀pá irin inú rẹ̀, irin yóò sì dógùn-ún. Ìpàárà a máa gba àyè ju irin lọ. Bí ó ti ń wú ni kọnkéré yóò máa sán, tí yóò sì máa já bọ́. Ibi tí ìgbì ń ta sí ló ń burú jù, nítorí pé ó ń rin, ó tún ń gbẹ: omi lọ, iyọ̀ kù.

Àwọn àgbà wí pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ọgbọ́n yìí ni àwọn ẹnjiníà ń lò. Wọ́n ní oògùn kan tí à ń pè ní silane. Kì í ṣe ọ̀dà tí ń bo ojú. Inú ihò wẹ́wẹ́ náà ni ó ń wọ̀, omi yóò sì máa yọ̀ dànù bí òjò lórí ewé kókò. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sí títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, wọ́n ń kùn ún sí afárá.

Ṣùgbọ́n oògùn yìí ní èèwọ̀. Ojú kọnkéré gbọ́dọ̀ mọ́, kí ó gbẹ, kí a sì ti dí ibi tí ó sán. Kì í ṣe ti òpó abẹ́ omi. A ní láti tún un kùn lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Bí ìpàárà bá sì ti mú irin, kíkùn nìkan kò lè wò ó sàn. Àfi kí a gbẹ́ ibẹ̀, kí a nu irin, kí a tún un rẹ́.

Láti oṣù keje ọdún 2020 di oṣù kejì ọdún 2021 ni wọ́n fi ń ti apá kan afárá náà láti tún àwọn ìsopọ̀ rẹ̀ ṣe. Ẹni tí ó bá kó ẹrù tí ń tètè bàjẹ́ mọ ohun tí irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ ẹni.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kọ́lé ní Èkó tàbí Àgbádárìgì, ẹ kìlọ̀ fún un kí ó má fi iyanrìn òkun tí a kò fọ̀ tàbí omi ọ̀sà po kọnkéré. Iyọ̀ tí a fọwọ́ ara ẹni pò mọ́ ilé, kò sí ohun tí a lè kùn sí ìta tí yóò lé e jáde.

Nígbà tí ìjọba bá sì ń ka owó afárá titun, kí a máa bèèrè owó ìtọ́jú èyí tí ó wà nílẹ̀. Owó tí a fi ń kun afárá kò tó èyí tí a fi ń kọ́ ọ.