Ṣé O Mọ̀? Nígbà Tí Fóònù Bá Bá Obìnrin Ké

Ṣé o mọ̀ pé nọ́ńbà 5 lórí fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì lè di agogo ìdágìrì? Ní oṣù Kejìlá 2012, àwọn ọkùnrin kan fipá bá ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan lò nínú bọ́ọ̀sì ní Delhi, ó sì gba ibẹ̀ kú. Gbogbo Íńdíà fi igbe ta. Nígbà tó di 2016, ìjọba wọn pàṣẹ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta fóònù tuntun tí kò ní bọ́tìnì tí a fi ń pe ìrànlọ́wọ́. Lórí fóònù kékeré, 5 tàbí 9 ni obìnrin yóò tẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́. Lórí fóònù ńlá, bọ́tìnì tí a fi ń tàn án ni yóò tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta wàràwàrà. Fọwọ́ pa nọ́ńbà 5 orí irú fóònù kékeré bẹ́ẹ̀ wò: kókó wínníwínní kan wà lójú rẹ̀. Ìka á mọ̀ ọ́n lókùnkùn, ìka á mọ̀ ọ́n nínú báàgì. Nínú gbogbo ọgbọ́n tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ níbí, èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí kò ní kí obìnrin kọ́kọ́ lówó fóònù ńlá kó tó rí ààbò.

Ṣé o mọ̀ pé áàpù kan wà tó jẹ́ pé gbígbọ̀n la ń gbọn fóònù kó tó ké? Ọmọ ogún ọdún ni Hollie Gazzard, onídìrí ni ní ìlú Gloucester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù Kejì 2014, ọkùnrin tí wọ́n jọ ń fẹ́ra tẹ́lẹ̀ wọlé bá a níbi iṣẹ́, ó sì gún un pa. Àwọn òbí rẹ̀ dá àjọ sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni áàpù Hollie Guard ti jáde. Bí o bá gbọn fóònù jìgìjìgì, áàpù náà á fi ibi tí o wà ránṣẹ́ sí àwọn tí o ti yàn sílẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí gba ohùn àti àwòrán sílẹ̀. Ọwọ́ tí ẹ̀rù ti bà kò lè máa wá nọ́ńbà kiri; gbígbọ̀n nìkan ló mọ̀.

Áàpù bSafe, tí wọ́n ṣe ní Norway, tún ní ọgbọ́n tirẹ̀: fóònù á dún bí ẹni pé ẹnì kan ń pè ọ́, kí o lè rí ohun wí láti fi bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí ara rẹ kò gbà.

Ṣé o mọ̀ pé áàpù tó ń gba obìnrin sílẹ̀ lè máa pe ara rẹ̀ ní nǹkan mìíràn? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2021 pé nǹkan bí obìnrin kan nínú mẹ́ta láyé ló ti fojú winá ìwà ipá rí, ọwọ́ ọkọ tàbí àfẹ́sọ́nà sì ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Ẹni tó ń lù ú lè jẹ́ ẹni tó ń yẹ fóònù rẹ̀ wò lálẹ́. Ìdí nìyí tí áàpù Bright Sky, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi lè gbé àwọ̀ áàpù ojú ọjọ́ wọ̀. Ní Poland, ní 2020 tí kòrónà sé àwọn obìnrin mọ́lé pẹ̀lú àwọn tó ń lù wọ́n, ọmọ ilé-ìwé girama kan, Krystyna Paszko, ṣí ìsọ̀ ìpara kan sórí Facebook. Ìsọ̀ náà kò ní ìpara kankan. Bí obìnrin bá béèrè ọjà, onímọ̀ nípa ọkàn ló ń dá a lóhùn bí ẹni tó ń tajà: ó ti tó ìgbà wo tí ara ti ń yọ ọ́ lẹ́nu? Ṣé ọtí máa ń dá kún un? Bí obìnrin náà bá fi àdírẹ́sì ilé ránṣẹ́ bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gbé ọjà wá, ó túmọ̀ sí pé kí wọ́n pe ọlọ́pàá. Àrokò pátápátá ni: ẹni tí a kò fi ránṣẹ́ sí, ìpara ló máa rí.

Ṣé o mọ̀ pé fóònù lè mọ ibi tí o wà láì sí dátà kankan nínú rẹ̀? Etí ló ń tẹ́ sí àwọn sátẹ́láìtì tó wà ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà lókè wa. Láti sọ ọ́ fún ẹlòmíì ló nílò nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, níbi tí dátà kò bá sì sí, àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ló kù. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba lẹ́tà 160. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo wọ inú rẹ̀: 70 péré ló kù, torí àwọn lẹ́tà wọ̀nyí kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún fóònù. Líǹkì ibi tí èèyàn wà lè jẹ tó 40 nínú rẹ̀. Mo jókòó ka èyí tó kù lẹ́tà lẹ́tà: “Ẹ gbà mí o! Ibi tí mo wà rèé:” wọ̀ ọ́ géérégé. Nítorí náà, kò sí ìdí tí ẹni tó ń ṣe áàpù fún àwọn ìyá wa fi gbọ́dọ̀ yọ àmì abẹ́ lẹ́tà kúrò lára èdè wọn.

Ṣé o mọ̀ pé ní Èkó, ní oṣù Kejì 2022, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wà nínú bọ́ọ̀sì BRT lálẹ́ ń fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù, tó sì ka nọ́ńbà bọ́ọ̀sì náà fún un? Ó ṣe gbogbo ohun tí èèyàn lè ṣe. Iṣẹ́ tó rán dé, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ kò ní ọwọ́ tó fi lè dá bọ́ọ̀sì dúró. Òkú rẹ̀ ni wọ́n rí lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ní oṣù Karùn-ún 2025 ni ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà. Ó ń dùn mí dọ́kàn títí di òní. Ó sì mú kí n máa béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá gbé áàpù ààbò wá fi hàn mí: ta ló wà ní òpin rẹ̀ tí yóò dìde?

Àwọn obìnrin kan ní Íjíbítì gbé ìbéèrè yẹn lọ sí ojú títì. Ní oṣù Kejìlá 2010, wọ́n gbé HarassMap jáde, máàpù tí obìnrin ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ ibi tí ọkùnrin ti dààmú rẹ̀ fún. Orí Ushahidi, tí wọ́n ṣe ní Kẹ́ńyà, ni wọ́n gbé e kà. “Ẹ̀rí” ni orúkọ yẹn ní èdè Swahili. Nígbà náà, ẹ̀rí ọ̀hún ni àwọn olùfara-ẹni-jìn ń mú lọ́wọ́ lọ bá àwọn onísọ̀ àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní àdúgbò, wọ́n á ní: ìwọ lo máa ń jókòó síbí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, bó bá tún ṣẹlẹ̀ lójú rẹ, dìde.