Ẹ̀tọ́ Yín Lórí Àwòrán: Kọ́píráìtì àti Àmì Òwò

Ìwé ìlàlóye fún àwọn oníṣẹ́ ọnà àti oníṣòwò etí omi Ìlàjẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ń kun ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀yin ayàwòrán, ẹ̀yin tí ẹ ń hun ẹní, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹja àti edé láti Ìgbókòdá títí dé Ayétòrò, ẹ̀tọ́ méjì wà lára èyí tí òfin Nàìjíríà fi ń dáàbò bo àwòrán. Ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ni kọ́píráìtì?

Ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọnà ni. Òfin Kọ́píráìtì ọdún 2022 ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀, Àjọ Kọ́píráìtì Nàìjíríà (NCC) ló ń bójú tó o. Gbàrà tí ẹ bá ti ya àwòrán yín sórí ìwé, pákó tàbí aṣọ ni ẹ̀tọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹ ò tilẹ̀ tíì forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Ó wà títí ọjọ́ ayé oníṣẹ́ ọnà, àti fún àwọn ajogún rẹ̀ ní 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tó bá papòdà. Èrò inú lásán kò ní kọ́píráìtì. Ọnà ẹní tí gbogbo ìlú ti ń hun láti ayébáyé kì í sì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo.

Kí ni àmì òwò?

Ohun tí oníbàárà fi ń dá ọjà yín mọ̀ ni: orúkọ, àwòrán, tàbí méjèèjì. Òfin Àmì Òwò ti 1965 ló wà fún un. Ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ l'Ábújá. Wọn yóò kéde rẹ̀, ẹni tó bá ní àtakò yóò sì ní oṣù méjì láti sọ ọ́. Ọdún 7 ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ọdún 14 ni fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá tún un ṣe. "Edé Ìlàjẹ" lásán kò ní rọrùn láti gbà, torí orúkọ ọjà àti orúkọ agbègbè ni. Ìwé CAC, tí ẹ fi forúkọ òwò yín sílẹ̀, kì í ṣe ìwé àmì òwò.

Àpẹẹrẹ kan

Ká ní obìnrin kan tó ń ta edé n'Ígbókòdá ní kí ayàwòrán ya edé tó dé fìlà fún òun, kí òun tẹ̀ ẹ́ sára ọ̀rá ọjà.

• Bí ẹnìkan bá tẹ àwòrán náà sára ẹ̀wù, tó ń tà á láìgbàṣẹ, kọ́píráìtì ló rú.
• Bí ẹnìkejì ní ọjà bá ya edé tirẹ̀, tó dé e ní fìlà, tí oníbàárà wá ń ṣi ọjà mú, ọ̀rọ̀ àmì òwò nìyẹn.
• Obìnrin náà ti sanwó, síbẹ̀ ayàwòrán ló ṣì ni kọ́píráìtì, àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti di ti obìnrin náà. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó.

Ohun tí ẹ ó ṣe

1. Ẹ kọ orúkọ yín àti ọdún sára iṣẹ́ yín, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Níbi tí òkun ti ń jẹ ilẹ̀, bíi Ayétòrò, ẹ fi ẹ̀dà pamọ́ sórí íméèlì tàbí sọ́dọ̀ ẹbí tó wà lókè ilẹ̀.
2. Ẹ lè forúkọ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ lọ́dọ̀ NCC. Kì í ṣe dandan, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ni.
3. Kí ẹ tó tẹ ọ̀rá, ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò bá yín wádìí bóyá ẹlòmíràn ti ní irú àmì náà.
4. Ẹ kọ àdéhùn, kí tọ̀tún-tòsì fọwọ́ sí i, kí owó tó kúrò lọ́wọ́.

Bí wọ́n bá jí iṣẹ́ yín lò, ẹ má bá wọn jà ní ọjà. Ẹ kó ẹ̀rí jọ, ẹ lọ bá NCC tàbí agbẹjọ́rò. Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ló ń gbọ́ ẹjọ́ méjèèjì.